Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wa ní yunifásítì, wọn kì í sọ ti àṣà wa

Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, títí di ìsinsìnyí tí èmi náà ń kọ́ni níbẹ̀, kò sí sáà kan tí wọn kì í sọ̀rọ̀ àwa àkàndá ẹ̀dá. Àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn ń sọ ọ́, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ń sọ ọ́, àwọn amòfin náà ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ó rò pé ojú tí kò ríran, etí tí kò gbọ́ràn àti ẹsẹ̀ tí kò rìn nìkan ló wà, pé kò sí èèyàn tó ni wọ́n. Pé a ní ìtàn, pé a ní èdè, pé a ní àwàdà àti ìwà ọmọlúàbí tiwa láàárín ara wa, pé a ti ja ìjà tí a sì borí, kì í sí nínú ìwé tí wọ́n ní ká kà. Díẹ̀díẹ̀ ni yunifásítì ń ṣílẹ̀kùn fún wa. Ìmọ̀ tiwa ló ṣì ń dúró níta.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, n kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn ló ń bá mi gba àfikún àkókò nígbà ìdánwò, àwọn ló ń bá mi sọ ìwé di èyí tí kọ̀ǹpútà lè kà sí mi létí. Ṣùgbọ́n kí n tó rí ohunkóhun gbà, mo ní láti mú ìwé dókítà wá, ìwé tó to gbogbo ohun tí ojú mi kò lè ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì tún ń béèrè òmíràn, bí ẹni pé ojú náà lè ti là nígbà ìsinmi. Fọ́ọ̀mù wọn ní àyè fún orúkọ àìsàn, àyè fún ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àyè fún oògùn tí mò ń lò. Kò sí ibi tó ti béèrè bí mo ṣe ń kàwé, ta ló kọ́ mi, tàbí irú àwọn èèyàn tí mò ń bá rìn. Ẹni tó bá ka fọ́ọ̀mù yẹn á mọ̀ mí sí aláìsàn kan tó ń san owó ilé ìwé.

Èyí tó wá bí mi nínú ni eré tí wọ́n máa ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n á di akẹ́kọ̀ọ́ tó ríran lójú, wọ́n á fún un ní ọ̀pá, wọ́n á ní kó rìn láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì dé ibi àtẹ̀gùn kó lè mọ bí afọ́jú ṣe ń ṣe. Mo fara ti ògiri lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe é, mò ń gbọ́. Ọ̀pá ń dún gbà, gbà, gbà lára ògiri bí ìgbà tí wọ́n ń pa ejò. Ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó má fi òun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú wọn, ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún, ó wá dì mọ́ mi, ó ní òun kò mọ̀ pé ìyà tí mò ń jẹ tó báyìí.

Kí ni mo fẹ́ wí? Èmi kò rìn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀pá lò. Ohun tí ọmọ yẹn tọ́ wò ni ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ní nǹkan kan. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń lọ síwájú, apá òsì ni orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà, kó ti yẹ ibi tí ẹsẹ̀ òsì máa tẹ̀ wò sílẹ̀. Kò mọ̀ pé ìró ọ̀pá nítòsí ògiri yàtọ̀ sí ìró rẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, tàbí pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí èèyàn lójú lè sọ fún un pé ọ̀nà ti pín sí méjì. Ìmọ̀ ni gbogbo ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé afọ́jú ló fi kọ́ afọ́jú. Kíláàsì yẹn gbé àánú lọ sílé, wọ́n sì gba máàkì lé e lórí.

Ibi tí èmi ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa wa ni yàrá kékeré kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá máa ń péjọ sí lẹ́yìn kíláàsì. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìwé orúkọ. Adití wà, afọ́jú wà, àwọn tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ wà, ẹnìkan tó ń kólòlò náà wà tí a kì í bá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láéláé, nítorí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á jẹ èébú. Bí adití bá fẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á tan iná á sì pa á, tàbí kó fọwọ́ lu tábìlì kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lára. Ti iná kò kan àwa afọ́jú, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ tábìlì, nítorí náà tábìlì la jọ fẹnu kò sí. Àwa náà ní òfin tiwa: ẹni tó bá wọlé á dárúkọ, ẹni tó bá ń jáde á sọ pé òun ń lọ, kí ẹnìkan má baà máa bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé adití kì í tètè lọ. Wọ́n á dágbére, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn, a ó sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ wà tó jẹ́ pé bí àga bá ti tán nínú yàrá, á ní òun kò bá ẹnikẹ́ni du àga, òun gbé tòun wá láti ilé.

Láàárín àwọn adití, èèyàn kì í fún ara rẹ̀ ní orúkọ ọwọ́. Àwọn ni wọ́n á wo ìwà rẹ tàbí ìrísí rẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí wọ́n bá rí i pé o ti di tiwọn. Mo pẹ́ níbẹ̀ kí n tó rí tèmi gbà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú ọwọ́ mi, ó ká àwọn ìka mi bó ṣe yẹ, ó wá fi ìka méjì tó kù tẹ ọrùn ọwọ́ mi kejì lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí aago mi ni, èyí tí mo máa ń fọwọ́ kàn kí n lè mọ àkókò. Kò sí kíláàsì kan tó kọ́ mi pé irú nǹkan báyìí wà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mo kà gboyè. A kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń sọmọ lórúkọ káàkiri ayé.

Inú yàrá yẹn náà ni mo ti gbọ́ ìtàn Louis Braille bó ṣe rí gan-an. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ní kíláàsì ni pé afọ́jú kan ní Faransé ronú ohun tí afọ́jú lè fi kàwé, ayé sì yìn ín. Ẹni tó fi ìka rẹ̀ ka ìtàn náà fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ọdún 1829 ni Braille tẹ ìlànà rẹ̀ jáde, ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Àmì mẹ́fà péré tó yọ sókè lórí bébà ló fi ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú ilé ìwé rẹ̀ ní Paris fẹ́ràn rẹ̀, torí pé ó jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀wé fúnra wọn, ohun tí àwọn lẹ́tà ńláńlá tí wọ́n ń mú yọ sókè lórí bébà kò lè ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tó ríran fẹ́ lẹ́tà tí ojú tiwọn náà lè kà. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí ọ̀gá ilé ìwé náà fòfin dè é, tí àwọn ọmọ ń lò ó níkọ̀kọ̀. Ọdún 1854 ni ilé ìwé náà tó gbà á tọkàntọkàn. Braille ti kú lọ́dún méjì ṣáájú. Ẹ wò ó, ohun tí wọ́n ń pè ní ohun èlò ìrànlọ́wọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé ló bá olùkọ́ wọn jìjà lé e lórí.

Ti àwọn adití le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1880, àwọn tó ń kọ́ ọmọ adití ṣe àpérò ní Milan, ní Ítálì. Àwọn tó ń gbọ́ràn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀ tán, wọ́n sì dìbò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ adití, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ọwọ́ tì. Láti ìgbà náà, ní ilẹ̀ púpọ̀, ọmọ tó bá fọwọ́ sọ̀rọ̀ nílé ìwé, ìyà ni. Ọdún 2010 ni irú àpérò kan náà, tí wọ́n ṣe ní Vancouver ní Kánádà, tó sọ pé àwọn kábàámọ̀ ìpinnu yẹn. Mo ti bá àwọn tó gboyè nínú ẹ̀kọ́ kíkọ́ àwọn adití sọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ orúkọ Milan rí. Wọ́n mọ etí dé orí àwọn eegun kéékèèké inú rẹ̀, wọ́n mọ oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, Yorùbá ló sọ ọ́, ohun tí àwọn àkàndá káàkiri àgbáyé sì ń pariwo láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìtàn Milan lè ka ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀rọ̀ ara ògiri lásán.

Ẹ̀ka kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yìn, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Lọ́dún 1960, William Stokoe, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Washington, tẹ iṣẹ́ jáde tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ kì í ṣe fífi ara ṣàpèjúwe lásán. Ó ní bí ọwọ́ ṣe rí, ibi tó wà, àti bó ṣe ń rìn, wọ́n dúró bí ìró ṣe dúró nínú èdè ẹnu. Bí o bá yí ọ̀kan padà, ìtumọ̀ yí padà, bí àmì ohùn ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà fún àwa Yorùbá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ kà á sí. Lónìí, níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè dáadáa, èdè àwọn adití máa ń wà níbẹ̀, wọn kì í sì í fi àánú kọ́ ọ. Wọ́n á tú gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n á jiyàn lé e lórí. Mo jókòó sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí, adití ló ń kọ́ wọn, ògbufọ̀ ń sọ ọ́ lẹ́nu fún àwa tó ń gbọ́ràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bẹ̀rù máàkì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ti olùkọ́ mìíràn.

Nígbà tó kàn mí láti kọ́ni, ìtàn Berkeley ni mo fi ṣílé. Lọ́dún 1962, Ed Roberts wọ Yunifásítì California tó wà ní Berkeley. Àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, inú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń bá a mí ló ń sùn. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ẹ̀rọ náà, ni wọ́n bá fún un ní yàrá nínú ilé ìwòsàn ọgbà, ilé ìwòsàn Cowell. Àwọn mìíràn tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ wá bá a níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí yunifásítì kó wọn sí gẹ́gẹ́ bí aláìsàn ni wọ́n ti ń ṣe fàájì, tí wọ́n ti ń jiyàn òṣèlú, tí wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Rolling Quads. Lọ́dún 1972, wọ́n ti gbé e jáde kúrò nínú ọgbà, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ láàárín ìlú níbi tí àwọn àkàndá fúnra wọn ti ń ṣètò ìgbé ayé ara wọn. Àjọ ìjọba tó ti sọ nígbà kan pé ara Roberts kò lè gba iṣẹ́ kankan, òun ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó yá.

Bí mo bá sọ ọ́ dé ibí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ní ìtàn náà wú àwọn lórí. Mo máa ń ní kí wọ́n sinmi ìwúrí ná, kí wọ́n sọ fún mi ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn ṣe: ta ni wọ́n lọ bá, owó ta ni, kí ni wọ́n fi dẹ́rù ba yunifásítì? Bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ onítàn nípa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń mú Gallaudet wá. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1864, ṣùgbọ́n adití kankan kò ṣe ọ̀gá rẹ̀ rí títí di oṣù kẹta ọdún 1988, nígbà tí ìgbìmọ̀ tún yan ẹni tó ń gbọ́ràn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti gbogbo géètì pa. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, I. King Jordan tó jẹ́ adití ti dé ipò náà.

Iṣẹ́ kan wà tí mo máa ń fún wọn ṣe nílé. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ̀wé nípa àkàndá kan tí wọ́n mọ̀, láìlo “ìyà”, láìlo “àánú”, láìlo “láìka ìpèníjà rẹ̀ sí”. Wọ́n kórìíra rẹ̀. Àwọn kan á gbé bébà òfìfo wá, wọ́n á ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kò sí ohun tó kù láti kọ.” Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan kọ odindi ojú ìwé lórí bí bàbá rẹ̀ àgbà tó fọ́jú ṣe ń ká owó. Èyí tó kéré jù, kò ní ká a rárá. Èyí tó tẹ̀ lé e, á ká a ní ìbú. Òmíràn, á ká a ní òró, èyí tó tóbi jù á sì ká a lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́ pé bàbá náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tò ó, pé ẹni tó bá sì fún un ní ṣéńjì gbọ́dọ̀ dúró títí á fi ká a tán. Èmi náà ń ká owó, ọ̀nà tèmi yàtọ̀. Mo ka bébà ọmọ náà sókè ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé bàbá náà ń fi àkókò ṣòfò, àpò mẹ́ta ló yẹ kó lò. Àríyànjiyàn yẹn gba ìyókù wákàtí náà, n kò sì dá wọn lẹ́kun.

Ohun tí mo tún kọ́ ni pé bí kíláàsì ṣe ń rìn fúnra rẹ̀ lè já ọ̀rọ̀ tí à ń sọ níbẹ̀ sí irọ́. Bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹni tó ń gbọ́ràn á ti dáhùn kí ọwọ́ ògbufọ̀ tó dúró, adití tó mọ̀ ọ́n jù lọ kò sì ní ráyè. Mo wá fi í ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáhùn títí ògbufọ̀ á fi lu tábìlì, nítorí èmi kò rí i. Àwọn tó máa ń yára sọ̀rọ̀ ráhùn. Àmọ́ ìdáhùn tó ń jáde lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kódà lẹ́nu àwọn tó ń ráhùn. Ti ìwé náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ nípa wa ló jẹ́ PDF tí wọ́n ya bí fọ́tò. Kọ̀ǹpútà mi á dé orí rẹ̀, á sọ “àwòrán”, á sì dákẹ́. Ìwé kan tó ń sọ bí ayé ṣe ń ti afọ́jú síta, afọ́jú kò lè kà á. Mo yọ ọ́ kúrò.

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tó fẹ́ ṣe dáadáa máa ń kọ́ni pé kì í ṣe ara ló ń dá àkàndá dúró, pé bí wọ́n ṣe kọ́lé àti bí wọ́n ṣe ṣòfin ló ń dá a dúró. Àwọn àkàndá ní Britain ló gbé èrò yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1976, ó sì ti tún ayé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe. N kò bá a jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n máa ń dúró síbẹ̀. Ká ní gbogbo àtẹ̀gùn ayé di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́la, kí gbogbo ìwé sì máa sọ̀rọ̀, adití á ṣì máa fọwọ́ sọ̀rọ̀, á sì ṣì máa pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, ti ọdún 2006, mọ ìyàtọ̀ náà. Abala 24 rẹ̀ wà fún ẹ̀kọ́, àwọn amòfin sì máa ń kà á sí mi létí. Abala 30 sọ pé kí wọ́n mọ àṣà àti èdè àwọn àkàndá, kí wọ́n sì tì wọ́n lẹ́yìn, títí kan èdè àti àṣà àwọn adití. Èmi ni mo máa ń kà á sí àwọn amòfin létí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohùn wa ṣọ̀kan lórí àṣà yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ adití kan sọ fún mi lójú kíláàsì pé òun kì í ṣe àkàndá rárá, pé èdè òun ló yàtọ̀, kí n yé ka òun mọ́ àwọn afọ́jú. Àwọn tí ìpèníjà tiwọn kò hàn síta, bí àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀, ń sọ pé nínú ìwé tèmi náà, àwọn kò sí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú wọn ti pàdé ara wọn, àwọn ilé ìkàwé wa kò sì tíì máa kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Nítorí náà mo máa ń pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá, mo sì máa ń rí i pé wọ́n sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń sanwó fún àlejò tó ní oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìjà orí owó yẹn le ju ti ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ibi tí kọ́ọ̀sì tí mò ń kọ́ yìí máa wà ní yunifásítì. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ tó máa pinnu rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀ka ìlera, torí ibẹ̀ ló ti máa rówó. Ti owó yẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn onítàn àti àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fẹ́ kó wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìtàn òṣèlú lè bá Milan àti Berkeley pàdé láìjẹ́ pé ó ní àkàndá nílé. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní kí wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití sí ìjókòó náà, kí ògbufọ̀ wà, kí wọ́n sì fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ sí mi lọ́nà tí kọ̀ǹpútà mi lè kà. Akọ̀wé wọn dáhùn pé wọ́n ti gba ti ògbufọ̀. Mo ṣí ìwé ìpàdé tó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní “àwòrán”. Mo ti dá a padà fún un pé kó tún un ṣe.